Fólídà Tí Mo Ṣí Lọ́dún Tí Wọ́n Ti Ẹnubodè

Òórùn gàrí gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìhúnbọ̀. Màmá jókòó ti agbada, èéfín ń ta á lójú. Ó ní, "Mosún, wọ́n ti ti ẹnubodè o. Mùsíyọ̀ ò lè kọjá mọ́."

Mùsíyọ̀ là ń pe ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè tó máa ń wá tún kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ṣe. Òun ló kọ́ mi ní èdè C tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, tó sì fún mi ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nígbà tí kò lè wá mọ́, kò sẹ́ni tó mọ inú ẹ̀rọ náà mọ́ àfi èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣejáde ń bọ̀. Máàkì àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní kíláàsì àṣekágbá fọ́n ká sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólídà nínú kọ̀ǹpútà. Bí a ò bá rí wọn kó jọ, wọn ò ní lè forúkọ sílẹ̀. Mo ní màá kọ ètò tí yóò wá wọn jáde. Igbákejì ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ọmọbìnrin, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé."

Mi ò lọ. Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n gbé epo wá sí tòsí ẹnubodè mọ́, kò sí epo nílé epo kankan lágbègbè wa, ni Bàbá bá fa èyí tó wà nínú ọ̀kadà rẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Mo kọ ètò náà. Ó sáré díẹ̀, ó kú. Kọ̀ǹpútà ní ohun tí mo ṣí sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Igbákejì tún rẹ́rìn-ín, níṣojú gbogbo kíláàsì.

Màmá ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ojú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé Mùsíyọ̀ kó tó yé mi. Fólídà tí ètò bá ṣí, kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn níye, bí èèyàn ò bá sì pa fólídà náà dé, nọ́ńbà rẹ̀ ò ní padà. Opendir, àṣẹ tó ń ṣí fólídà, ni mo ń pè ṣáá, mi ò pe closedir tó ń pa á dé rí! Ìlà kan péré ni mo fi kún un.

Orúkọ àti máàkì àwọn ẹ̀gbọ́n wa bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, títí dórí ẹni ìkẹyìn. Igbákejì bèèrè pé, "Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Ó tún bèèrè. Mo tún dáhùn, mi ò gbójú sílẹ̀.

Iṣẹ́ ètò kíkọ yìí ni mò ń ṣe jẹun báyìí, mo sì mọ̀ ọ́n ju ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu nípàdé, mo dákẹ́, mo jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn ò ní dákẹ́. Mo yí padà, mo wọlé, mo sọ ọ̀rọ̀ mi tán.