Èbúté Tí Bàbá Mi Kàn fún Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju etí ọkọ̀ lọ, ẹ̀yìn ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbówà ni ọ̀sà wà gan-an. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó rí èbúté onípákó kan tó gùn wọ inú omi. Ẹ máa ń sáré lórí rẹ̀, ẹ sì máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Láyé ìgbà náà, ẹrẹ̀ ló wà létí omi tiwa, kò sí èbúté kankan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ á ká ṣòkòtò tàbí ìró sókè, á rìn nínú ẹrẹ̀ títí omi á fi dé orúnkún rẹ̀. Àwọn arúgbó kì í rìn ín. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló máa ń pọ̀n wọ́n dé inú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan. Àfi ìyá bàbá mi.

Ìyá àgbà ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tó lọ́kọ sí abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí mọ́tò kò dé. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, etí omi wa nìkan ló ti ń gbéra. Nígbà tí ìyá àgbà ṣì lágbára, kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ kí i. Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kò gbé ẹrẹ̀ mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé ara àbúrò rẹ̀ kò yá, pé kò lè dìde lórí ẹní, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń béèrè.

Bàbá mi lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ gun ẹ̀yìn mi, ká lọ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. "Ẹni tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, kò ní fi ẹ̀yìn tiẹ̀ pọ̀n mí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí wọ́n gbé mi, ẹ mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi wọkọ̀."

Bàbá mi ní kò burú, òun á kan èbúté tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ẹrẹ̀ rárá.

Ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé èrò lọ sí òdìkejì gbọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí kò le o. Ọparun wà nínú igbó, pákó àràbà wà nílẹ̀. Ká fi okùn dì í. Kí Jímọ̀ tó dé, ìyá á ti máa rìn lórí ẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí i. "Ọparun? Èyí tí kò ní lo ọdún kan kó tó jẹrà? Ṣé ọdún kan ni o fẹ́ kí ìyá mi tún lò láyé ni?"

Ọlọ́kọ̀ padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè yẹn? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí láàárín wa. Tí èèyàn bá ra nǹkan tí kò ní pẹ́ fún òbí tó ti darúgbó, ṣe ló máa dà bíi pé ó ti ń retí ìgbà tí òbí náà máa lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa pẹ́ nìyẹn. A lọ sí sọ́míìlì ní Ẹ̀pẹ́, bàbá mi ní pákó igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ lòun fẹ́, nítorí omi kì í tètè jẹ ẹ́. Wọ́n ní kò sí nílẹ̀, ká máa retí. Nígbà tó dé, bàbá mi fọwọ́ kàn án, ó ní ó ṣì tutù, ó máa ká kò bí wọ́n bá kàn án, kí wọ́n sá a sóòrùn ná. Ọ̀rọ̀ tún kan ìṣó. Omi wa máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń jẹ irin. Bàbá mi ní bóòtù onínọ́ọ̀tì tí kì í dípẹtà lòun máa lò dípò ìṣó, a sì wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú. A dé ìsọ̀ kan, a dé ìkejì. Ó ń yí bóòtù sọ́tùn-ún sósì, ó ń fi èékánná ha á lára, títí ọkùnrin tó ń tà á fi sọ pé, "Bàbá, bóòtù lẹ fẹ́ rà àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́? Ẹ kúkú béèrè ilé ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sì dá bóòtù náà padà.

Inú mi dùn sí ìrìn àjò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń jókòó sójú fèrèsé, bàbá mi á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún mi nítòsí gáréèjì. Nínú ọkàn mi, mò ń fẹ́ kí èyí tá a bá rà má dára, ká lè tún padà lọ. Bá a bá délé, ìyá àgbà á pè mí. "Ọkọ mi, kí ló kù?" Èmi á sì fi ayọ̀ dáhùn pé, "Ó ku bóòtù." Lọ́jọ́ mìíràn, "Ó ku nọ́ọ̀tì." Bíi pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá fún un.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún bàbá mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, mi ò ní kó ẹrù lọ gbé orí ẹ̀ o. Àlọ àti àbọ̀ péré ni mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ máa lò ó pẹ́ ni, Màámi. Ìn ṣá Allāhu."

"Àmín," ni ìyá àgbà wí. Omi ló ń wò.

Òpó ti dúró nínú omi, pákó ló kù, nígbà tí ọlọ́kọ̀ yẹn gúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó sì ṣí fìlà. Bàbá mi ń fi ọ́ìlì dúdú táwọn mẹkáníìkì ti lò tán kun pákó, ìyá àgbà jókòó lábẹ́ igi àgbọn. Ọlọ́kọ̀ ní àbúrò ìyá àgbà ti lọ, wọ́n sì ti sin ín.

Ìyá àgbà kò ké. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn obìnrin àdúgbò ni, Ìyá."

"Wọ́n ṣeun."

Òun àti àbúrò rẹ̀ yìí ni wọ́n jọ wẹ òkú ìyá wọn. Bàbá mi dúró síbẹ̀, ọ́ìlì ń kán sí i lẹ́sẹ̀ láti ara búrọ́ọ̀ṣì, kò mọ̀.

Ó parí èbúté náà ṣá. Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé ìdí rẹ̀, ó ní, "Bísímílà, Màámi." Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó àkọ́kọ́. Ó ní, "Ó le dáadáa. O ṣeun, ọmọ mi." Ó yíjú padà sílé. Ó tún lo ọdún mélòó kan láyé lẹ́yìn náà, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Kò bá bàbá mi jà. Ká ní ó bá a jà ni, bóyá ara ì bá tu bàbá mi díẹ̀.

Ayé ti yí padà báyìí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń ná omi yẹn, ẹni bá sì fẹ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á tẹ fóònù, wọ́n á jọ máa wo ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rò ó pé ká ní fóònù yìí wà nígbà yẹn ńkọ́? Ṣùgbọ́n fóònù kò lè wẹ òkú. Bàbá mi ti di arúgbó. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, ó máa ń mú sípánà lọ síbẹ̀ láti lọ yí bóòtù wọ̀nyẹn le, mo sì máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àbúrò ìyá àgbà ti kó wá sí Ìkòròdú pátápátá. Èbúté wà, ó dúró digbí. Kò wá sí ẹni tí a fẹ́ lọ kí mọ́ ní òdìkejì.