Ohun Tí Lindsay Haberfield Kọ̀ Láti Kọ́

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Kirrily Haberfield kò fi jókòó nínú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ bá ń wà. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú síra wọn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá sílé Lindsay, bàbá náà, ní Omeo, ìlú kan lẹ́bàá òkè ní Ọsirélíà, tí yóò yan ẹran àgùntàn fún un, tí yóò sì jẹ́ kí Edie, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, gun bàbá àgbà lórí itan. Ṣùgbọ́n bí Lindsay bá ti nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ pé kí òun gbé ọmọ náà lọ ra áísìkiriímù, Kirrily á ti dìde. "Ẹ fi sílẹ̀, Dádì. Mo fẹ́ lọ sọ́nà ibẹ̀ náà." Lindsay á sì jókòó padà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkùnrin náà ń fẹ́ láyé: kí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òun kí ẹ̀rù má bà á.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Katakata àwọn àgbẹ̀ ló ń tún ṣe láti kékeré, kò sì sí irin tó lè ṣagídí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ wíwà lórí òkè ni kò mọ̀. Clarrie, bàbá tó bí i, máa ń da màlúù gun orí òkè lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Lindsay pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Clarrie fà á sọ̀ kalẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ méje, ó gun ọkọ̀, ó wà á dókè, ó sì yọjú láti ojú fèrèsé. "Ẹ jẹ́ kí èyí máa fi gírísì kun irin. Ọkọ̀ kì í ṣe tiẹ̀." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni Lindsay kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í kó máa sọ ibi tó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ sí.

Irin ló wá ń rà. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò mọ ijó jó a ní onílù kò mọ ìlù ú lù, ọ̀rọ̀ Lindsay gan-an nìyẹn. Lọ́dún tí jíìpù rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó ra ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde. Lọ́dún tí òkúta ha á nísàlẹ̀, ó gbé e ga sókè, ó sì pààrọ̀ táyà sí àwọn gàgàrà kan tó ga dé itan ènìyàn. Nígbà tí òkè Bullock lé e padà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní iná ni kò tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ó kan káríà ìkẹ́rù sórí ọkọ̀ náà, ó gbé àgọ́ lé káríà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì àti táyà méjì lé ẹ̀gbẹ́ àgọ́.

"Lin, ṣé ọkọ̀ lò ń kọ́ ni àbí ilé?" Des Quilty, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀ nídìí iná lọ́jọ́ kan tí wọ́n pàgọ́ sétí odò.

"Ilé ni. Bí ìyàwó ẹ bá lé ẹ jáde, màá fún ẹ ní yàrá kan."

"Kò burú. Ṣé èmi ni màá máa wà á?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Merrilyn ìyàwó Lindsay náà rẹ́rìn-ín. Orí òkè ni wọ́n bí Merrilyn sí. Jíìpù kékeré kan tó ti dípẹtà ló ń wà, kò fi nǹkan kan kún un rí àfi epo, kò sì sí òkè tí kò bá a gùn. "Jíìpù ẹ ti mọ gbogbo nǹkan tán, ọkọ mi," ló sọ. "Ó ku ìwọ."

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́ ọ ní ohun kan péré, ìyẹn ohun tí èèyàn ń ṣe bí ọkọ̀ bá kú lójú òkè. Nígbà tí Lindsay pé ọgọ́ta ọdún, Merrilyn sanwó ilé ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́jọ́ méjì fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ orí òkè, kó lè kọ́ ọ lọ́wọ́ àjèjì bí tòun bá ń tì í lójú. Lindsay gbé ìwé ẹ̀rí owó náà fún Des, Des fún un ní iná ọkọ̀ méjì fi dípò. Ó kan iná náà mọ́ iwájú káríà. Merrilyn rí iná náà, ó mọ ibi tó ti wá. Ó dùn ún.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí òkè Bullock. Òjò ti rọ̀ níjọ́ méjì ṣáájú. Bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan ló ń gun òkè lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á dúró nísàlẹ̀ títí tẹni iwájú yóò fi sọ nínú rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ pé òun ti dókè. Kirrily dúró nísàlẹ̀ nínú jíìpù kékeré ìyá rẹ̀. Lindsay àti Merrilyn gùn lọ.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dókè nígbà tí táyà ẹ̀yìn yọ̀ lórí òkúta, tí ọkọ̀ sì kú. Rédíò wà lọ́wọ́ Merrilyn, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ohun tó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ dé etí ọmọ wọn nísàlẹ̀. "Lin, bíréèkì. Ki í sí rífáàsì, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ṣì, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mú wa sọ̀ kalẹ̀. Má yí sítíárìn."

Lindsay gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n Clarrie ló gbọ́ nínú ohùn náà, ẹ̀rín òṣìṣẹ́ méje ló gbọ́. Ó fi bíréèkì sílẹ̀, ó tẹ kílọ́ṣì, nǹkan kan kò di ọkọ̀ mú mọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, ó ń sáré sí i. Ẹ̀rù bà á, ó yí sítíárìn kó lè fi ìdí ọkọ̀ ti ògiri ilẹ̀, ọkọ̀ sì dábùú ọ̀nà. Gbogbo ẹrù tó ti ń gbé lé e lórí láti ọdún wọ̀nyí wá ló fà á ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí gbirigbiri. Kirrily rí gbogbo rẹ̀.

Apá Lindsay kan ló dá. Merrilyn kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Nígbà tí wọ́n lọ wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ náà, iná méjì tí Des fún un kò fọ́.

"Ọkọ̀ ló kú," ló sọ fún ọlọ́pàá. "Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe." Kirrily jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò tako bàbá rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ó ti sin ìyá ná, kò fẹ́ sin bàbá mọ́ ọn.

Ọdún mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Edie gbé ojú sókè láti inú àwo ọ̀dùnkún rẹ̀. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò mọ ọkọ̀ wà ni?"

Kirrily ní kí ọmọ náà jẹun. Ṣùgbọ́n Lindsay gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. Ó wá kọjú sí Kirrily. "Kọ́ mi ní ohun tí màmá ẹ fẹ́ kọ́ mi."

Kirrily fọ abọ́ tán kó tó dáhùn. "Lọ́jọ́ Sátidé. Jíìpù màmá mi la máa lò."

Kirrily kò jókòó tì í nígbà tó fẹ́ wà á. Ó gbé e dé ẹsẹ̀ òkè kan tí kò ga púpọ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú rédíò. "Ẹ gùn ún dé ìdajì, kí ẹ pa á."

Lindsay gùn ún dé ìdajì, ó pa á.

"Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ ki í sí rífáàsì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ṣì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, kí ẹ máa dẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí sítíárìn."

Ohùn Merrilyn gan-an ló bá jáde nínú rédíò náà. Lindsay gbé orí lé sítíárìn, ó sunkún. Kirrily dúró. Kò kí i ní pẹ̀lẹ́, kò sì ní kó ṣe kíá. Nígbà tó nu ojú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó di ọkọ̀ náà mú, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ ní tààrà, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà kẹfà, Kirrily kò sọ nǹkan kan mọ́ nínú rédíò, Lindsay sì ṣe é láìṣì.

Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. "Màmá ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà," ló wí. "Irọ́ ni mo pa fọ́lọ́pàá. Gbogbo ohun tó o sọ yìí ló sọ."

"Mo gbọ́ ọ, Dádì. Rédíò wà lọ́wọ́ wọn."

Lindsay wá rí i pé ọmọ òun ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó sì ń yan ẹran fún òun. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì fún un. "Ṣé wàá jẹ́ kí n wà wá délé?"

Kirrily wo ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ogójì ìṣẹ́jú," ló wí. "Ogójì ìṣẹ́jú péré lẹ fi kọ́ ohun tí Màmá fi ọdún mọ́kànlá bẹ̀ yín."

Ó na ọwọ́, Lindsay sì kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Kirrily lọ jókòó sídìí sítíárìn. Bàbá rẹ̀ wọlé síbi tó ti ṣí ìlẹ̀kùn sí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bí Merrilyn ti jókòó lọ́jọ́ náà, ó so bẹ́líìtì, wọ́n sì lọ sílé.