Rúùtù Tó Ń Ka Ìgbín Igbó Èsìẹ́

Wọ́n ní kí Rúùtù fi ìgbín sílẹ̀. Ó ní òun ò fi sílẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ Ìsánlú-Ìsin ni. Ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì, ọdún ìkẹyìn ló sì wà. Iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gboyè ni láti mọ iye ìgbín tó ṣẹ́kù nínú igbó ẹ̀yìn Èsìẹ́, nítorí àwọn obìnrin tó ń ṣà á tà ń pariwo pé ó ń tán lọ.

Kò sẹ́ni tó lè ka ìgbín inú igbó tán. Ọgbọ́n tó lò nìyí: ó mú ìgbín, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun ìkarahun wọn, ó tú wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti dà pọ̀ mọ́ ìyókù, yóò tún lọ mú òmíràn. Bí ìdajì èyí tó mú bá ní kútẹ́ẹ̀sì, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú igbó jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó kùn.

Àmọ́ nígbà tó padà lọ, ìgbín pupa ló bo ilẹ̀. Agbára káká ló fi rí èyí tí kò ní kútẹ́ẹ̀sì. Ìṣirò ní èyí tó kùn nìkan ló ṣẹ́kù, pé igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ọjọ́ ti lọ."

"Irọ́ ni, sà. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ nínú igbó yẹn."

"A jẹ́ pé o ò ní bá ẹgbẹ́ rẹ jáde nìyẹn."

"Kí wọ́n máa lọ, sà."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́, sọ́dọ̀ Ìyá Caroline, olórí àwọn tó ń ṣa ìgbín. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí ìyá náà fi bú u.

"Ìwọ lo fi ààlè lé igbó baba wa! Ta ló tà á fún ọ?"

Ìgbà yẹn ló yé Rúùtù. Ààlè ni àmì tí olóko ń fi sára ohun ìní rẹ̀. Olè tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí kó gbà á. Àwọn obìnrin rí pupa, wọ́n sá fún un. Èyí tí kò lámì nìkan ni wọ́n ń ṣà lọ.

"Kútẹ́ẹ̀sì ni, mà. Èyí tí à ń fi kun èékánná."

"Ẹnu lásán!"

"Ó dáa. Ẹ gbé ìkòkò kaná."

Ó wọgbó, ó mú ìgbín pupa kan bọ̀. Ó fọ́ ọ, ó fi òroǹbó fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ rẹ̀ fi tán, ó sè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lójú Ìyá Caroline àti àwọn obìnrin tó ti pé jọ.

"Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ ti jẹ ààlè!" obìnrin kan ké.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó ni," Rúùtù wí.

Ìyá Caroline bú sẹ́rìn-ín. "Àyà ọmọ yìí le o." Ó gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Rúùtù tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ń ṣa olámì àti aláìlámì pọ̀ báyìí.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ ìgboyè, inú igbó ló wà, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Lọ́tẹ̀ yìí, aláìlámì pọ̀ ju olámì lọ dáadáa. Ìgbín dín kù lóòótọ́, kò tán.

Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Rúùtù, wọ́n ń ya fọ́tò o. Ojú ò tì ọ́?"

"Kò tì mí, Màámi. Ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi. Iye tó pé ni màá sì gbé wọlé."

Ó ti fóònù bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.