Àgbọn Àìná ní Ìta Bọ̀ǹjúù

Àwọn ọmọ ìlú Òjó ló ń fi àwọn àlejò etí ọ̀sà ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi sọ àdúgbò wọn ní Ìta Bọ̀ǹjúù, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí àwọn ará Àjàṣẹ́, ìlú tó wà lábẹ́ Faransé, tó ń gbé ibẹ̀ fi ń kí ara wọn nìyẹn. Wọ́n sá fún Faransé, wọ́n sì gbé èdè rẹ̀ dání. Ta ló rí irú rẹ̀ rí?

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Àìná wà tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí Faransé ń fi tipátipá kó èèyàn ṣe ló lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé. Ẹrọ̀fọ̀ etí ọ̀sà tí ọmọ onílẹ̀ kankan kò jẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ fún un. Ó ń ru yanrìn dí i títí ilẹ̀ fi gbẹ. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀: àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin àgbọn. Ẹni tó bá gbin àgbọn ti sọ pé òun ò lọ mọ́.

Àìná gbin àgbọn. Lọ́dún 1954 tó bí Àmọ̀kẹ́, ó ní kí wọ́n ri ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì gbin àgbọn lé e lórí, bí wọ́n ti ń ṣe nílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ìta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó hú u. Kò hú u.

Nígbà tí àgbọn náà ga ju Àmọ̀kẹ́ lọ, àwọn ará Èkó ti ń wá ilẹ̀ rà, ẹrọ̀fọ̀ àná ti wá di ilẹ̀ tí onílẹ̀ ń rántí pé tòun ni. Ni Kàsúmù, ọmọ onílẹ̀, bá yọ àdá dé, Sàdíátù ìyá rẹ̀ ń tẹ̀lé e.

“Àìná, ta ló ní kó o gbin igi sílẹ̀ wa? Mò ń gé e lónìí, ẹ ó sì kó lọ!”

“Nọ́ọ̀!” Faransé ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó dúró ti igi náà. “Bọ̀dá Kàsúmù, ibi ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀. Ìdí igi wo ni tiyín wà? Ẹ lọ gé ìyẹn wá ná, kẹ́ ẹ tó gé tèmi.”

Kàsúmù bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀.

“Ìdí àgbọn ojúlé wa ni,” ni Sàdíátù wí. “Ọwọ́ mi ni mo fi rì í. Lọ gé e ná, kí n rí i.”

“Àsìtàfúrúláì!” ni Kàsúmù wí. Ó rẹ àdá sílẹ̀. Ó yí padà, ó gba ilé lọ.

Inú Àìná dùn débi pé ó bú sẹ́kún. Àwọn aládùúgbò tó sá pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé jáde wá, wọn ò lè wò ó lójú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìta Bọ̀ǹjúù tí wọn ò gbin àgbọn sí.