Orúkọ Tí Mo Fi Abẹ Ha Kúrò Lára Táǹkì

Òórùn epo bẹntiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé lọ́dún tí bàbá mi ra alùpùpù. Yàrá tí èmi àti Bùnmi ẹ̀gbọ́n mi ń sùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni bàbá mi sì ń gbé e sí kí òjò má baà pa á. Bó bá ti ṣí ìdérí táǹkì láti wo iye epo tó kù, òórùn náà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bùnmi á fi aṣọ ìbora bo imú, á máa kùn. Èmi á ti dìde, màá ti wá sílípáàsì mi, màá sì ti dúró lẹ́yìn bàbá mi kó tó pè mí. Mo fẹ́ kó bá mi níbẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà á rántí bí nǹkan ṣe rí. Táyà àti àtúnṣe ti wọ́n, àwọn tó ní mọ́tò ń gbé e kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, koríko ń hù lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ìwé gírámà kan ní Yaba. Ó ta mọ́tò Ìjàpá rẹ̀, ó ra alùpùpù àlòkù, gbogbo wa sì rò pé ibi iṣẹ́ ni yóò máa gùn ún lọ. Àfi ìgbà tó tẹ́ máàpù Nàìjíríà sórí tábìlì oúnjẹ tó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà láti Èkó dé Jọ́ọ̀sì. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa òkè Jọ́ọ̀sì àti òtútù rẹ̀, kò sì tíì fojú rí i. Ó ní bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn bá dé, òun yóò gun alùpùpù lọ síbẹ̀, òun yóò sì mú ọmọ kan dání. Màmá wa bi í bóyá ọkọ̀ ojú irin kò lọ sí Jọ́ọ̀sì mọ́ ni. Ó ní ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní kí ọkọ̀ ojú irin dúró kí òun wo òkúta.

Ọmọ kan ló wí. Kò sọ ọmọ wo.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti Bùnmi ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé ọmọ burúkú lásán ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Bùnmi, èmi jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ sì mọ̀ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe òbí. Bàbá Bùnmi ni gbogbo àdúgbò wa lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà ń pe bàbá mi, Màmá Bùnmi ni wọ́n ń pe ìyá mi, látorí lánlọ́ọ̀dù títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹrosíìnì. Kò sí ẹnì kan láyé tó ń pe bàbá mi ní Bàbá Dúpẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò nígbà kan nínú balùwẹ̀, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dún bí orúkọ ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Bùnmi kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà burú nìyẹn. Ó ga, ó pọ́n, ó mọ̀wé, ó sì lójú àánú, kò fún mi ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo lè gbá mú. Mo ń jowú rẹ̀ bí ẹni ń jẹun, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù alùpùpù ń bà á. Bí bàbá mi bá fẹsẹ̀ ta á, tó bú, Bùnmi á ti sá wọ yàrá. Inú mi dùn sí ẹ̀rù yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo ti rí ibi kan ṣoṣo nílé wa tí Bùnmi kò sí.

Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni bàbá mi ti ń tún alùpùpù náà ṣe. Ọwọ́ alùpùpù náà àtijọ́ kò ga tó, ó ní ẹni tó bá tẹ̀ síwájú báyẹn dé Ìlọrin, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Ó ra ọwọ́ mìíràn tó fẹ̀ bí ìwo màlúù. Ó yọ táyà ẹ̀yìn tó ti pá, ó fi ọ̀kan tí eyín rẹ̀ jinlẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nítorí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Wẹ́dà jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan fún kẹ́ẹ̀gì epo, ọ̀kan fún àpótí irinṣẹ́. Èmi ni mo ń na sípánà, èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo mọ èyí tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá àti èyí tó jẹ́ méjìlá nínú òkùnkùn, kìkì pé kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo bá de nọ́ọ̀tì kan tán, bàbá mi kì í yìn mí. Á ní, "Fọwọ́ kàn án kó o tó gbà pé ó le." Gbólóhùn kan tó máa ń sọ fún mi nìyẹn, fún mi nìkan, mo sì tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń tọ́jú ẹran ìdí àwo.

Ó tún ní kí wẹ́dà gbé ibi ìtẹ̀sẹ̀ ẹni ẹ̀yìn sókè. Èmi ló gbé gun ìjókòó, ó fi ẹfun sàmì síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n jó o mọ́. Mo wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ta ni ó máa bá a lọ, ó ní tó bá kù díẹ̀ kí òun lọ, òun á kọ orúkọ ẹni náà sára táǹkì, gbogbo wa á sì kà á.

Mushin ni a ti ń ra ohun tí a nílò, ní ọjà Ládípọ̀, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dúdú fún ọ́ìlì. Lánlọ́ọ̀dù wa ló kọ́kọ́ mú wa débẹ̀, ó sì fà wá lé pẹ́ńtà kan tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Mùfú lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Bùnmi rèé, aládùúgbò mi." Ó parí síbẹ̀. Bí bàbá mi bá fẹ́ wọ àárín ìsọ̀ lọ wá nǹkan, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Mùfú ló máa ń fi mí sí, lábẹ́ ibòji rẹ̀, láàárín agolo ọ̀dà. Lẹ́yìn tó bá ti lọ ni Bọ̀dá Mùfú á ní kí Bùnmi bá òun mú ife omi wá, kí Bùnmi sún mọ́ inú kí òórùn ọ̀dà má baà kọ lù ú. Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí bàbá bá ń jẹ́ Bàbá Bùnmi, tí ọmọ kan sì ń tẹ̀ lé e kiri, Bùnmi ni ọmọ náà.

N kò sọ fún un pé Dúpẹ́ ni mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ló tì mí. Láti ìgbà kejì lọ, mo gbádùn rẹ̀. Ní Ládípọ̀, èmi ni wọ́n fi ń pe bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé parí, bàbá mi gbé táǹkì fún Bọ̀dá Mùfú kó kùn ún ní búlúù. Ọ̀sán Fúráídè ló kùn ún tán, tó gbé e wá sílé fúnra rẹ̀. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́, ó ń máàkì ìdánwò, èmi sì ti lọ lọ ata. Nígbà tí mo padà dé, Bọ̀dá Mùfú ti lọ, táǹkì wà lórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá wa àti Bùnmi dúró tì í. Màmá ní Bọ̀dá yẹn mọ iṣẹ́ o, ẹ wo bó ṣe kọ orúkọ Bùnmi. Mo sún mọ́ ọn. Lẹ́tà funfun ni, ó fi pupa ká a létí: BÙNMI. Bùnmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà.

Mo gbé ata lọ sí ilé ìdáná. Àyà mi gbóná bíi pé ata náà ni mo mu. Gbogbo ohun tí mo rò nígbà náà ni pé wọ́n ti fi ẹsẹ̀ mi wọn nǹkan fún ẹlòmíràn. Tọ́ọ̀ṣì tí mo dì mú, òjò tó pa mí ní Mushin, gbogbo rẹ̀, Bùnmi ni mo ń bá ṣe é. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíràn tún wà tó ń jẹ́ Bùnmi, ní ìsọ̀ pẹ́ńtà, tó jẹ́ pé èmi ni. Ẹni tó bá ń jowú kì í lè ronú dé ibi méjì.

Ní aago mẹ́rin, màmá àti Bùnmi lọ sí ìdánrawò kọ́áyà. Mo mú abẹ tí bàbá mi fi ń fá irùngbọ̀n, mo ki àkísà bọ epo, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ dénú, ó ń ká jọ sẹ́nu abẹ. Nígbà tí mo fi máa dé ìbẹ̀rẹ̀, búlúù ti bá a lọ, irin ti ń hàn.

Bàbá mi kò pariwo nígbà tó dé. Ó wo táǹkì, ó wo èékánná mi tó búlúù, ó bi mí pé orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní Bùnmi. Ó tún bi mí, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí Mushin. Ó bi Bọ̀dá Mùfú pé ṣé kì í ṣe orúkọ ọmọ tó ń tẹ̀ lé òun wá síbí ni òun ní kó kọ. Bọ̀dá Mùfú wò mí, ó wo bàbá mi, ọ̀rọ̀ náà rú u lójú.

"Òun náà ni mo kọ, sà. Bùnmi nìyí." Ó wá kọjú sí mi. "Àbí kì í ṣe Bùnmi lo ń jẹ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí o máa ń dáhùn?"

Èmi ni mo ha ara mi kúrò lára táǹkì.

Èmi àti bàbá mi padà dé Ojúẹlẹ́gbà. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi, mo ti rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi náà ni, ọ̀rọ̀ lè yanjú. Ó ní, "Ká ní orúkọ Bùnmi ni mo ní kí wọ́n kọ lóòótọ́ ńkọ́? Ohun tó o máa ṣe sí i nìyẹn." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Bùnmi ni mo máa gbé lọ."

Bùnmi sunkún pé òun kò fẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi, kò gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ibi ìtẹ̀sẹ̀ náà lọ, orúnkún rẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì. Táǹkì náà wà bí mo ṣe ha á, bàbá mi kò kùn ún mọ́. Mo dúró lẹ́nu géètì títí n kò fi gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà mọ́, inú sì bí mi sí Bùnmi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó ti gba ohun tí kò tilẹ̀ fẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Bàbá mi kò tún rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Fún ọdún tó ju ọgbọ̀n lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Jọ́ọ̀sì nílé wa, mo máa ń dìde lọ fọ abọ́. Bàbá mi ti kú, màmá wa ti darúgbó. Lọ́dún tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ Bùnmi nílé rẹ̀ ní Yaba, kò sí abọ́ kankan láti fọ̀, mo bá bi í níkẹyìn bí Jọ́ọ̀sì ṣe rí.

"N kò mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rọ kọṣẹ́ ní Jẹ́bà, bàbá ní ká ní Dúpẹ́ ni, á ti na sípánà sí òun. A gun orí òkè, mo ní òtútù ń mú mi, ó ní ká ní Dúpẹ́ ni, kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá, Dúpẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, ṣùgbọ́n ìwọ ló gbé lọ."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ẹni àádọ́ta ọdún. Mo dìde, mo gbá a mọ́ra bó ti yẹ kí àbúrò ṣe. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lọ́wọ́ mi, inú mi sì ń dùn débi pé ẹ̀rín ń gbọ̀n mí lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ì bá ti fò sókè, ì bá ti pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Èmi àgbàlagbà kàn mọ bí a ṣe ń fi ojú pamọ́ sí èjìká ẹni ni.