Ọjọ́ Tí Bàbá Ó-Pọ̀jù Ná Ilé Alájà Mẹ́jọ

"Àjà mẹ́jọ ni, sà. Mẹ́jọ náà ló wà nínú ìwé." Inú imú ni Ẹnjiníà ti ń sọ ọ́, bíi pé wọ́n fi nǹkan tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn há a nímú. Ẹ di imú yín mú, kí ẹ wá sọ pé "mẹ́jọ náà ló wà nínú ìwé," ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ̀ gan-an.

"Ó pọ̀ jù," ni Bàbá Ó-Pọ̀jù dá a lóhùn. Tiẹ̀, ọ̀fun ló ti ń wá, á máa fà á bí ẹni tó ń fa ayùn. "Ó pọ̀ọ̀ọ̀ jù. Gbà á ní ẹyọ kan."

"Sà?"

"Àjà kan. Mo ti wò ó dáadáa, àjà kan tó o."

Kíláàsì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń ṣèpàdé. Gbogbo àgbààgbà jókòó sórí àga kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ṣófo níparí àdúgbò, wọ́n sì rán Ẹnjiníà wá láti wá ṣàlàyé. Ìjọba ìbílẹ̀ ti sọ fún wọn pé àfi kí alága ẹgbẹ́ àdúgbò buwọ́ lùwé kí wọ́n tó lè gbé bíríkì kan lé èkejì. Alága ọ̀hún náà ni Bàbá Ó-Pọ̀jù yìí, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ò tíì gba nǹkankan ní iye tí wọ́n pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Bàbá, a ò tà á fún yín o. A fẹ́ kọ́ ọ ni."

"Ṣé o dárúkọ iye àbí o ò dárúkọ iye? Ó ti di ọjà nìyẹn. Mélòó ni jálẹ̀ ẹ̀?"

"Mẹ́jọ, sà."

Bàbá dìde. Ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó ti fìlà ẹ̀ síwájú, ó ní, "Ó dìgbà," ló bá ń lọ. Ẹ ò tíì rí irú ìrìn yẹn rí. Á gbẹ́sẹ̀ kan, á dúró ka a-b-d lára ògiri. Á gbẹ́sẹ̀ kejì, á tẹ́tí. Gbogbo àdúgbò mọ ìrìn yẹn dáadáa, ìrìn ẹni tó fẹ́ kí ọlọ́jà pe òun padà ni. Ẹnjiníà ni ò mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà. Ó ṣí ojú ewé tó kàn, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Ìyá Alágbàfọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ rí orí bàtà méjì lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá ò lọ ibì kankan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó ogún. Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàtà ò kúrò. Ó ń ṣe Ìyá Alágbàfọ̀ bíi kó lọ ṣílẹ̀kùn fún un, àmọ́ ó mọ òfin Bàbá: ẹni tó ń tà ló gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń rà. Tó bá jẹ́ èèyàn ẹni ló pe ẹni, ọjà ti bàjẹ́. Ló bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sínú ìwé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo bàtà tó ń mumi.

Nígbà tó yá, Ẹnjiníà ká àwòrán ẹ̀. "Ó ku ká buwọ́ lùwé. Alága dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ẹ bá mi pè é, mà."

"Èmi kọ́ ni mò ń tà. Ìwọ ni kó o pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta o."

Nítorí ìyẹn náà wà nínú òfin. Bàbá máa ń sọ pé ìpè àkọ́kọ́, ọlọ́jà kàn ń ṣe ojú ayé ni. Ìpè kejì, ó ń rò ó. Ìpè kẹta ló ti gbà.

Ẹnjiníà pè é. Bàtà ò mira. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan wúkọ́ níta. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá wọlé, omi ń kán tó-tó-tó létí fìlà ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o ti gbà á ní ẹyọ kan?"

"Mẹ́jọ ni, sà."

Bàbá yí padà, ó tún jáde sínú òjò.

Kì í ṣe ilé nìkan ló ń ná o. Ọmọ ọmọ ẹ̀ sáré wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun pé ọmọ ọdún méje lónìí. Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Ó pọ̀ jù. Gbà á ní márùn-ún." Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní méje ni, màmá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà á títí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti jọ parí ẹ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀, ọmọ náà sì lọ ń ṣàlàyé fún màmá ẹ̀ pé ó kéré tán, òun gba ààbọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló mọ ọwọ́ ẹ̀. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ mẹ́fà fún Bàbá nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo Bàbá, ó ní, "Abẹ́rẹ́ méjìlá ni, Bàbá." Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì, ó ń gun òkè, nọ́ọ̀sì ń sọ̀ kalẹ̀, títí wọ́n fi pàdé ní mẹ́fà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá fi ń tiro káàkiri àdúgbò, tó ń sọ fáwọn èèyàn bí òun ṣe gba abẹ́rẹ́ mẹ́fà lọ́wọ́ ìjọba.

Àmọ́ ti ilé alájà mẹ́jọ yẹn kì í ṣe eré, Ìyá Alágbàfọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n jù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń fọ̀. Ogójì ni lójúmọ́, á gbà á láago méje àárọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà ní gbígbẹ kó tó di aago márùn-ún. Okùn mẹ́fà ló ta sẹ́yìnkùlé, ògiri kan péré ló wà láàárín okùn yẹn àti ilẹ̀ tó ṣófo. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, Bàbá ló gbẹ́ òpó tó so okùn náà mọ́, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iye tó pè ni òun gbà, òun ò ná an. Bí ilé gíga bá wá dìde síbẹ̀, oòrùn ti tán nìyẹn. Aṣọ tí ò bá sì gbẹ, ilé ìwòsàn á gbé e fún ẹlòmíì.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bàbá, ṣáájú ìpàdé, Bàbá dìde. Ó kàn fi ẹsẹ̀ wọn ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ìdí okùn, ó lọ gé pákó pélébé mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún àjà kan. Ó ri igi ìṣáná méjì mọ́lẹ̀, ó ta fọ́nrán òwú sí wọn láàárín, ìyẹn ni okùn aṣọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn méjèèjì lóṣòó sínú oòrùn. Bàbá to pákó kan, ó to méjì, ó to mẹ́ta. Ó to ìkẹrin, òjìji ẹ̀ rọra dúró sí ìdí òwú. Ó to ìkarùn-ún, òwú ṣókùnkùn.

"Mẹ́rin," ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ.

"Rọra sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí, ó ń wo ẹ̀yìn. "Tó o bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mẹ́rin, mẹ́fà ni wọ́n máa kọ́ lé ẹ lórí. Ẹyọ kan la máa pè é."

Nígbà tí Ẹnjiníà padà wá fún ìpàdé kejì, ojú ẹ̀ ti là díẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ní kí àwọn gbà á ní méje. Bàbá ní ẹyọ kan àti òrùlé tó dáa. Ẹnjiníà ní mẹ́fà. Bàbá ní méjì. Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ, ó ní márùn-ún, kò tún sí ìsọ̀kalẹ̀ mọ́. Bàbá ní mẹ́ta, òun náà ò tún gòkè mọ́.

Ni Ẹnjiníà bá dìde. Ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó dúró ka a-b-d lára ògiri. Ó gbẹ́sẹ̀ kejì, ó tẹ́tí.

Inú Bàbá dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ wò ó," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti mọ̀ ọ́n."

Ilẹ̀kùn padé. Ìyá Alágbàfọ̀ ní, "Bàbá, ẹ pè é."

"Jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Mẹ́ta ló máa bá padà wá."

Ìyá Alágbàfọ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí bàtà níbẹ̀. Ó tún un wò. Kò sí bàtà. Ogójì aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló fò wá sí i lọ́kàn, gbogbo ẹ̀ tutù rinrin. Kò dúró mú bírò ẹ̀ tó jábọ́, ó ti wà níta, Ẹnjiníà ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

"Ẹnjiníà." Kò wẹ̀yìn. "Ẹnjiníà, jọ̀ọ́." Ó dúró. "Ẹnjiníà, padà wá. Mẹ́rin."

Ẹnjiníà yíjú padà. "Mẹ́rin náà ni, mà."

Bàbá buwọ́ lùwé lóòótọ́, àmọ́ abẹ́ ibi tó buwọ́ lù, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀: Ó PỌ̀ JÙ. Oṣù kan gbáko ló fi ń bínú sí Ìyá Alágbàfọ̀. Tó bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," á ní, "Ó bà mí lọ́jà jẹ́, ó tún ń kí mi." Síbẹ̀, ní gbogbo aago mẹ́ta ọ̀sán, á yọ orí lójú fèrèsé ilé ẹ̀ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà, á wo ibi tí oòrùn dé lórí okùn, á wọlé padà.

Àjà kẹta ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá kú lójú oorun. Àwọn èèyàn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé kò fẹ́ dúró rí ẹ̀kẹrin.

Ẹnjiníà wá síbi ìsìnkú, ó di àkẹtẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ mú síwájú. Ó sún mọ́ Ìyá Alágbàfọ̀, ó fi imú ẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé tó bá le gan-an, kí n gbà á ní mẹ́ta. Ká ní ẹ ò pè mí ni, ǹ bá fúnra mi padà wá gbà á ní mẹ́ta."

Ìyá Alágbàfọ̀ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé pósí, wọ́n ti ń gbé e jáde. Ẹnu ọ̀nà ò fẹ̀, ni àwọn tó gbé e bá ń rọra rìn, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kan, wọ́n á dúró, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kejì. Gbogbo àdúgbò sì mọ ìrìn yẹn.

"Bàbá," ni Ìyá Alágbàfọ̀ pè. "Ẹ padà wá. Wọ́n ti gbà á ní mẹ́ta."

Àwọn tó gbé pósí dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró. "Ẹ padà wá, sà," ni Ẹnjiníà náà wí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo àdúgbò ló jọ pè é, tọmọdé tàgbà. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ààbọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú.

Ilé ọ̀hún ti parí báyìí, alájà mẹ́rin ni. Láago mẹ́ta, òjìji ẹ̀ máa ń rọra dúró sí ìdí okùn, ibi tí Bàbá ní ó máa dúró sí gẹ́lẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń gbẹ. Ìyá Alágbàfọ̀ á yíjú sí ojú fèrèsé yẹn, á ní, "Bàbá, ẹ má bínú," kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ká a.

Wọ́n ti ń pè mí nínú ilé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Ẹ jẹ́ ká dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta.