Ọjọ́ Òjò Nìkan Ni Bíríkìlà Ń Ráyè

Ọmọbìnrin márùn-ún ni Ìyá Télọ̀ bí, kò sì fẹ́ òmíràn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ya lára rẹ̀ nígbà tó bí ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì kò fi bò fún un: bó bá tún lóyún, ó lè bá a lọ. Abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí wà, ṣùgbọ́n òfin ilé ìwòsàn náà ni pé ọkọ gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ẹ gbọ́ òfin o! Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kọ́ ló ní ọ̀rọ̀ sọ.

Bíríkìlà ni ọkọ. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, kò yé sọ pé ilé ń fẹ́ àrólé. Ìyá Télọ̀ bẹ ọkọ títí, ó sì gbà.

“Mo ti gbọ́. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ ni màá tẹ̀ lé ẹ lọ.”

Bíríkìlà kì í sì í sinmi àfi bí òjò bá rọ̀. Òjò rọ̀, Ìyá Télọ̀ fi ọ̀rá borí, ó fa ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ní títì.

“Nọ́ọ̀sì ò wá,” ni ọlọ́dẹ wí. “Omi máa ń dí ọ̀nà wọn bí òjò bá ti rọ̀.”

Òjò mìíràn rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún bá. Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i? Ọlọ́run gan-an ò fẹ́.”

Inú bí Ìyá Télọ̀ débi pé ó rán apá bùbá oníbàárà mọ́ ibi ọrùn.

“Ẹ fi iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí fún ọkọ rẹ̀.

“Ṣé ilé ló máa mọ ara ẹ̀ ni?”

Ìyá ọkọ dá sí i láti yàrá: “Ìyàwó, fi ọkọ ẹ lọ́rùn sílẹ̀. Àrólé ń bọ̀.”

Nígbà tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n lọ nínú oòrùn gangan. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ó yẹ ìtọ̀ Ìyá Télọ̀ wò, ó mi orí.

“Oyún ti wà níbẹ̀. Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?”

Ìyá Télọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Télọ̀ pe àkọ́bí rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ránṣọ, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè rán aṣọ fáwọn àbúrò rẹ̀ bí òun ò bá sí mọ́.